Ojú Ta Ni Ó Wà Lára Ẹ́ńjìnnì? Àgbéyẹ̀wò Rìmóòtù Tí Ń Sítáàtì Ọkọ̀

Nígbà tí ọkọ̀ bọ̀lẹ̀kájà ṣì ń jọba lójú títì, tí ẹni tí ó bá fẹ́ ti Múṣin lọ sí Abẹ́òkúta ní láti bá ẹrù iṣu àti ti gààrí jókòó pọ̀ lórí pákó, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni kì í ta jí láìsí ènìyàn níwájú rẹ̀. Ọmọ ẹ̀yìn awakọ̀ ni yóò mú irin tí a tẹ̀ bí ìgunpá, tí yóò tì í bọ ihò tí ó wà nísàlẹ̀ rédíétọ̀, tí yóò fẹsẹ̀ múlẹ̀ bí ẹni tí ń jà ìjàkadì, tí yóò sì fi gbogbo agbára yí i. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbọ́, a di ariwo, bí kò bá sì gbọ́, irin náà a ta padà, a sì máa dá ọrùn-ọwọ́ ẹni tí kò mọ bí a ti í di irú irin bẹ́ẹ̀ mú. Iṣẹ́ ìyà gidi ni. Síbẹ̀, ire kan wà nínú ìyà náà tí ẹnikẹ́ni kò kà kún ire nígbà náà: ẹni tí ó ta ẹ́ńjìnnì jí dúró ti ẹ́ńjìnnì, ojú rẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Bí ọmọdé bá sá sábẹ́ ọkọ̀, ó rí i; bí ọwọ́ mẹkáníìkì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù, ó rí i.

Ní òkè òkun, láti ọdún 1912 ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí yí. Ilé iṣẹ́ Cadillac ní Amẹ́ríkà gbé ọkọ̀ jáde tí mọ́tò iná kékeré kan, iṣẹ́ ọpọlọ Charles Kettering, wà nínú rẹ̀ láti máa yí ẹ́ńjìnnì dípò apá ènìyàn. Kettering ti kọ́kọ́ fi irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ sínú ẹ̀rọ tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù fi ń gba owó, ó sì ti mọ̀ pé mọ́tò kékeré lè gbé iṣẹ́ ńlá bí iṣẹ́ náà kò bá pẹ́ jù lọ́wọ́ rẹ̀. Báyìí ni irin ṣe kúrò lọ́wọ́ ọmọ ọkọ̀, tí ènìyàn sì kúrò níwájú ẹ́ńjìnnì bọ́ sórí ìjókòó. Ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ náà ni ó ṣì wà. Èyí tí ó dé bá wa lónìí, rìmóòtù tí kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ, tí ọlọ́kọ̀ ń tẹ̀ láti ojú fèrèsé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Agúdà tí ọkọ̀ sì ń hó nísàlẹ̀, ni ó mú ènìyàn kúrò níbẹ̀ pátápátá. Ohun tí mo sì rí, lẹ́yìn tí mo ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò tọ̀tún tòsì, ni pé wáyà tí ó ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ yìí kì í ṣe èyí tí ń ta ẹ́ńjìnnì jí. Àwọn tí ó ṣe pàtàkì ni àwọn tí a fi rọ́pò ojú ẹni tí kò sí níbẹ̀ mọ́, àwọn yìí gan-an ni oníṣẹ́ kánjúkánjú sì máa ń fi sílẹ̀.

Ilẹ̀ òtútù ni ohun èlò yìí ti ṣẹ̀ wá. Ẹ bi ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Chicago tàbí ní Minneapolis, yóò sọ fún yín bí yìnyín ti í bo gíláàsì iwájú ọkọ̀ lóru bí ẹni da ẹfun lé e, bí ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì ti í ki bí oyin, àti bí ó ti dùn tó kí ènìyàn jókòó ti tíì rẹ̀ nínú ilé kí ọkọ̀ sì ti máa gbóná fúnra rẹ̀ lóde. Níbẹ̀, ohun tí ó bá ojú ọjọ́ mu ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ òtútù ni ó fàyè gbà á: ní Bìrìtéènì, ìwé òfin ojú pópó, nínú ìlànà rẹ̀ kẹtàlélọ́gọ́fà, kò gbà kí ènìyàn fi ọkọ̀ sílẹ̀ ní títì ìjọba kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ láìsí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, àwọn ará Jámánì pẹ̀lú sì kà á léèwọ̀ kí ẹ́ńjìnnì máa hó lásán. Ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Peckham tí ó fẹ́ fi rìmóòtù ta ọkọ̀ rẹ̀ jí gbọ́dọ̀ ní àyè tirẹ̀ nínú ọgbà tirẹ̀.

Kí ni ó wá gbé e dé Èkó Àkéte, níbi tí kò sí ọjọ́ kan tí omi dì lóde rí? Oòrùn ni. Ẹni tí ó bá gbé ọkọ̀ sílẹ̀ ní ìta gbangba nítòsí ọjà Tèjúoṣó ní Yábà láti agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ títí di agogo méjì ọ̀sán mọ̀ pé ooru inú ọkọ̀ tí a ti pa lè kọjá ìwọ̀n 50 ti Celsius, tí ọwọ́ ìtọ́kọ̀ a máa jó àtẹ́lẹwọ́ bí ìdérí ìkòkò. Ẹni bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ kí afẹ́fẹ́ tútù ti pàdé òun lẹ́nu ọ̀nà. Èmi kò bá a wí. Ooru Èkó kì í ṣe ohun à ń fi ẹnu lásán lé. Ohun mìíràn tún wà, tí a kì í fẹ́ sọ jáde, èyí ni ayọ̀ ọkàn ẹni tí ó tẹ bọ́tìnnì lójú àwùjọ níbi ìnáwó, tí ọkọ̀ rẹ̀ sì fi iná ojú ṣẹ́jú láàárín ogún ọkọ̀. Àti pé àwọn ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan ń ti òkè òkun bọ̀ pẹ̀lú àpótí rẹ̀ lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù, tí rìmóòtù sì ti sọnù lọ́nà, tí ẹni tí ó ra ọkọ̀ náà yóò fi máa rí ìdìpọ̀ wáyà tí kò mọ orírun wọn.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti yé ènìyàn. Nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, ohun tí ẹ ń ṣe ni pé ẹ ń so wáyà pọ̀ ní ìpele ìpele: ti rédíò àti àwọn nǹkan kéékèèké, ti iná tí ń bọ́ ẹ́ńjìnnì, àti ti sítáàtà tí í wà pọ̀ fún ìgbà díẹ̀ tí í sì í tú ká ní kété tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbà. Àpótí tí ríwáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, ń fi sábẹ́ dáṣíbọọ̀dù ń ṣe ohun kan náà fúnra rẹ̀. Rìmóòtù fi àrokò ránṣẹ́ lójú òfuurufú, àpótí gbọ́, ó fi iná bátìrì sí wáyà àkọ́kọ́ àti ìkejì, ó ní sùúrù díẹ̀ kí pọ́ǹpù epo lè fa epo, lẹ́yìn náà ó yí sítáàtà. Títí dé ibí yìí, ọmọ iṣẹ́ tí ó ti lo ọdún méjì ní ṣẹ́ẹ̀dì lè ṣe é kí oòrùn tó wọ̀. Ibi tí iṣẹ́ ti di ti àgbà ni ìbéèrè tí ó tẹ̀lé e: báwo ni àpótí tí kò lójú ṣe máa mọ̀ pé ó yẹ kí òun ṣe ohun tí a rán òun?

Ìdí nìyẹn tí àwọn tí ó ṣe é fi so ojú mọ́ ọn. Wáyà kan ń lọ síbi bíréèkì: bí ẹnikẹ́ni bá wọ inú ọkọ̀ tí rìmóòtù sítáàtì, tí ó sì tẹ bíréèkì láti jù ú sí jíà kí ó tó ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí olè tí ó fọ́ gíláàsì má baà gbé ọkọ̀ tí ń hó lọ. Wáyà kan ń wo jíà, kí ó má sítáàtì bí kò bá sí ní ipò ìgúnlẹ̀. Wáyà kan ń gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ti ń yí, kí ó lè mọ̀ pé ó ti gbà, kí sítáàtà má baà máa yí lórí ẹ́ńjìnnì tí ó ti jí títí eyín rẹ̀ yóò fi jẹ dànù. Aago kan wà nínú rẹ̀ tí ó ń pa á lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí ogún. Èyí tí ó kéré jù nínú gbogbo wọn, tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ni bọ́tìnnì kékeré kan tí a ń gbé sétí bọ́nẹ́ẹ̀tì: nígbà tí bọ́nẹ́ẹ̀tì bá ṣí, bọ́tìnnì náà a ga sókè, àpótí a sì kọ̀ láti gbọ́ rìmóòtù bí ó ti wù kí a tẹ̀ ẹ́ tó.

Àwọn àgbà ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni, ìrírí ara mi ni ó sì kọ́ mi pé ojú olójú pàápàá sàn ju àìsí ojú lọ. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo fi irú rìmóòtù yìí sínú Camry mi, ní ṣẹ́ẹ̀dì kan tí n kò ní dárúkọ, iṣẹ́ náà sì parí láàárín wákàtí méjì, inú mi dùn. N kò mọ̀ pé wáyà bọ́nẹ́ẹ̀tì kò gùn dé ibi tí ó yẹ, tí oníṣẹ́ sì ká a sẹ́yìn, ó fi téèpù dúdú dì í, ó dákẹ́. Ní ọjọ́ Sátidé kan, mẹkáníìkì mi tẹ̀ sórí ẹ́ńjìnnì, ó ń fi ọwọ́ wá ibi tí bẹ́líìtì ti ń ké, àbúrò mi obìnrin sì gbé ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́ta sórí àga nínú pálọ̀, rìmóòtù wà lórí tábìlì. Ohun tí ó tẹ̀lé e, mo ṣì ń gbọ́ ọ ní etí mi. Orí bàbá mẹkáníìkì náà ni ó gbà á: etí apá ẹ̀wù rẹ̀ ni bẹ́líìtì fà, ó sì já. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó ń ka ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó pé márùn-ún, ó tún un kà. Kò bá mi wí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó sọ ni pé, “Ẹ̀gbọ́n, ta ni ó wà nínú mọ́tò?” N kò ní ìdáhùn fún un, nítorí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ní ti ọkọ̀ tí a ń fi ọwọ́ yí jíà rẹ̀, n kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Ọ̀pọ̀ wa ni a máa ń fi ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nínú jíà kìíní kí ó má baà yí lọ, pàápàá bí háńdì bíréèkì bá ti gbó. Bí rìmóòtù bá yí sítáàtà irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, yóò fò síwájú, ohunkóhun tí ó bá wà níwájú rẹ̀ ni yóò kọ lù. Àwọn àpótí kan wà tí a ṣe fún un, tí wọ́n ní kí awakọ̀ kọ́kọ́ ṣe ètò kan kí ó tó bọ́ sílẹ̀; ṣùgbọ́n ní tèmi, ẹni tí ó ní ọkọ̀ oníjíà-ọwọ́ kí ó fi owó rẹ̀ ra nǹkan mìíràn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó gba kí a jókòó tì í, èyí ni ti kọ́kọ́rọ́ tí ó ní ṣíìpù. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ òde òní ni ó ní ẹ̀ṣọ́ kan nínú tí a ń pè ní immobilizer: nínú orí kọ́kọ́rọ́ ni ṣíìpù tín-ín-rín kan wà, òrùka wáyà kan sì yí ihò kọ́kọ́rọ́ ká, tí ó ń bi ṣíìpù náà léèrè orúkọ rẹ̀, bí orúkọ kò bá bá ti ọkọ̀ mu, sítáàtà lè yí, ẹ́ńjìnnì kò ní gbà. Láti oṣù October 1998 ni Bìrìtéènì ti sọ ọ́ di dandan fún ọkọ̀ tuntun. Àwọn ará Amẹ́ríkà kò sọ ọ́ di dandan, ojú wọn sì rí i: ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Kia àti Hyundai tí wọ́n tà níbẹ̀ láàárín 2011 sí 2021 kò ní ẹ̀ṣọ́ yìí, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ sì mọ àṣírí náà, tí wọ́n ń fi fídíò kọ́ ara wọn lórí TikTok, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn ọkọ̀ náà lọ bí ẹni kó iṣu nínú oko tí kò ní olóko. Ẹnu wáyà tí a fi ń ṣájì fóònù tó láti fi yí ibi kọ́kọ́rọ́ wọn.

Rìmóòtù tí a ń fi kún ọkọ̀ ní láti kọjá lára ẹ̀ṣọ́ yìí, ọ̀nà méjì ni ó sì wà. Ọ̀nà tí ó gbówó lórí ni kí a ra àpótí kejì, tí yóò máa bá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sọ̀rọ̀ ní ìgbà tí rìmóòtù bá pè é nìkan, tí yóò sì padà sùn lẹ́yìn náà. Ọ̀nà olówó pọ́ọ́kú ni pé kí ríwáyà gba kọ́kọ́rọ́ kejì lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀, kí ó la orí rẹ̀, kí ó yọ ṣíìpù, kí ó sì fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ihò kọ́kọ́rọ́ lábẹ́ ike, níbi tí yóò máa dáhùn tọ̀sán tòru. Ọkọ̀ náà yóò ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, irin èyíkéyìí tí ó bá lè yí ihò náà ti di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, nítorí a ti so ẹ̀ṣọ́ mọ́lẹ̀ nínú ilé, a sì ti kọ́ ọ láti máa sọ fún gbogbo ẹni tí ó bá kan ilẹ̀kùn pé, “Ẹ wọlé, onílé ni yín.” Ní ìlú tí olè ọkọ̀ kò ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró, tí a ń sanwó tracker, tí a ń fi irin ti ọwọ́ ìtọ́kọ̀ lóru, ìwà yìí bà mí nínú jẹ́ ju gbogbo àṣìṣe yòókù lọ, nítorí ríwáyà kì í sọ ọ́ fún ọlọ́kọ̀. Bí ó bá gba kọ́kọ́rọ́ kejì lọ́wọ́ yín tí kò sì dá a padà lódindi, ẹ bi í léèrè.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra àwọn nǹkan wọ̀nyí lórí ilẹ̀ ńlá Èkó mọ ibi tí yóò lọ: Ládípọ̀ ni, ní Pápá Àjàó, ọjà ńlá tí gbogbo ẹ̀yà ara ọkọ̀ ti ń pàdé, láti orí ẹ́ńjìnnì dé orí bóòtù kékeré. Ẹ lè rí àpótí rìmóòtù nínú páálí, ẹ sì lè rí èyí tí a yọ lára ọkọ̀ mìíràn. Ẹ má ra èyí tí kò ní ìwé àlàyé wáyà rẹ̀, nítorí àwọ̀ wáyà ilé iṣẹ́ kan kò jọ ti èkejì, ẹni tí ó bá sì fi ìméfò so wáyà ń fi ọkọ̀ yín kọ́ṣẹ́. Mo tún fẹ́ kí ẹ wo ọwọ́ tí ó ń so wáyà. Iná tí ń gba inú wáyà sítáàtà kọjá kì í ṣe kékeré; bí a bá kàn lọ́ ọ pọ̀ tí a fi téèpù wé e, ooru abẹ́ dáṣíbọọ̀dù yóò yọ́ gọ́ọ̀mù téèpù náà kí ọdún tó yípo, téèpù yóò tú, irin yóò kan irin, èéfín yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò rí. Ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ a máa yọ́ òjé sí ojú ìdè, a máa fi rọ́bà tí ń sún kì bò ó, a sì máa fi fíúùsì sí ẹ̀bá bátìrì kí iná tó rìn jìnnà. Ògún Lákáayé, Onírè, ọlọ́nà irin, kò fẹ́ràn ìgbàgbé, bẹ́ẹ̀ ni a kì í bọ ọ́ ní ìdajì. Àwọn ríwáyà àtàtà tí mo mọ̀ ní Múṣin, tí wọ́n ń fi òjé ṣiṣẹ́ nínú oòrùn láìkánjú, àwọn ni ọmọ rẹ̀ tòótọ́, owó tí wọ́n sì ń bèèrè lé ti àwọn yòókù tọ́ sí wọn.

Ọ̀rọ̀ èéfín kò ṣe é fò. Gáàsì carbon monoxide tí ń jáde lẹ́nu sálẹ́ńsà kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, àwa ará Èkó sì ti mọ̀ ọ́n ní ilé ọ̀fọ̀ nípasẹ̀ jẹnẹrétọ̀ tí a gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lóru. Nínú ilé olójúlé púpọ̀ ní Ìdí-Òrò tàbí ní Láwánsìn, níbi tí a ti ń gbé ọkọ̀ sí ọgbà tí fèrèsé yàrá mẹ́fà kọjú sí, rìmóòtù tí a tẹ̀ ní agogo márùn-ún ìdájí ń tú èéfín sí orí ẹni tí ń sùn. Ọmọdé sì lè tẹ̀ ẹ́ láìmọ̀. Ní 2018, ìwé ìròyìn New York Times kó ìròyìn àwọn ará Amẹ́ríkà jọ tí wọ́n gbàgbé ọkọ̀ tí kò ní kọ́kọ́rọ́ sínú gáréèjì ilé pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tí ń ṣiṣẹ́, àwọn tí ó kú láti 2006 sì ju ogún lọ. Ti wọn kì í ṣe rìmóòtù tí a fi kún ọkọ̀, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni ó pa wọ́n: ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ènìyàn kò sí níbẹ̀.

Ti owó epo ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì kékeré tí ń hó lójú kan pẹ̀lú AC lè jẹ tó lítà kan ní wákàtí. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nígbà náà, kò ju ìdá mẹ́rin lítà lọ. Kí oṣù May 2023 tó parí, tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà kan fi ti ìsàlẹ̀ ₦200 fò sókè ₦480, ènìyàn lè má ka èyí sí. Lónìí, ẹni tí ń ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ yóò rí i nínú àpò rẹ̀ lópin oṣù. Ẹni tí kò bá fẹ́ ná an lè sọ gíláàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì kí ó tó tan AC, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbóná tí a lé jáde kò nílò kí a mú un tutù.

Ìdájọ́ mi nìyí: bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ ọtọmátíìkì, tí wáyà rẹ̀ kò tíì di iṣẹ́ ọwọ́ ẹni mẹ́wàá, tí ẹ ní àyè ìta gbangba láti gbé e sí, tí ẹ sì lè san owó àpótí kejì dípò kí a yọ ṣíìpù kọ́kọ́rọ́ yín, ẹ lè fi í sí i, ara yóò tù yín. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Iṣẹ́ náà, bí a bá ṣe é bí ó ti yẹ, kì í parí ní wákàtí méjì. Ọjọ́ kan gbáko ni, nígbà mìíràn ọjọ́ kejì. Adúgbò tí ìgbìmọ̀ àtúntò ìlú Èkó (LEDB) bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn ará ìsàlẹ̀ Èkó lọ ní 1955 ń jẹ́ Sùúrùlérè, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ orúkọ náà wà lọ́kàn yín nígbà tí ẹ bá jókòó lórí bẹ́ǹṣì ṣẹ́ẹ̀dì, tí oníṣẹ́ kò sì tíì ṣetán.

Mo gbé Camry mi padà lọ sí ọ̀dọ̀ ríwáyà mìíràn ní Múṣin lẹ́yìn ọjọ́ Sátidé yẹn. Ọjọ́ méjì ni ó fi tú gbogbo rẹ̀ tí ó sì tún un ṣe. Nígbà tí ó parí, kò bèèrè owó rẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi rìmóòtù lé mi lọ́wọ́, ó gbé ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ lé orí bẹ́líìtì, ó wò mí lójú, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ tẹ̀ ẹ́.” Ọwọ́ mi gbọ̀n. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ́ńjìnnì kò sọ nǹkan kan.